Ìdíje kẹ̀kẹ́ ọlọ́jọ́ púpọ̀: ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn ẹgbẹ́ agunkẹ̀kẹ́ Èkó

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gun kẹ̀kẹ́ nínú ẹgbẹ́ ní Yábàá, Sùúrùlérè, Ìkẹjà, Ìkòyí tàbí Lẹ́kí la kọ èyí fún: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ síbi iṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, tẹ́ ẹ sì ti fọkàn sí ìdíje orí títì tó máa gba ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin tàbí márùn-ún. Agbára ọjọ́ kan kọ́ ni wọ́n fi ń ṣe irú ìdíje yìí. Ohun tẹ́ ẹ bá ṣẹ́ kù lónìí lẹ máa ná lọ́la. Bẹ́ ẹ bá kà á dáadáa, ẹ máa rí i pé gbogbo ìdáhùn tó wà nísàlẹ̀, látorí oúnjẹ dórí táyà, ibì kan náà ló ń lọ.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ẹni tó borí, nígbà tó jẹ́ pé ojoojúmọ́ lẹnì kan ń kọ́kọ́ dé?

Àkókò ni wọ́n ń rò pọ̀. Ìrìn ọjọ́ kọ̀ọ̀kan là ń pè ní ìpele. Adájọ́ á kọ iye wákàtí, ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú àáyá tẹ́nì kọ̀ọ̀kan lò ní ìpele kìíní, á ro ti ìpele kejì mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dópin. Ẹni tí àpapọ̀ tiẹ̀ bá kéré jù ló borí. Èèyàn lè gba ife láìjẹ́ pé òun ló kọ́kọ́ dé ní ìpele kankan.

Àwọn tó bá wọlé pa pọ̀ nínú ọ̀wọ́ kan, àkókò kan náà ni wọ́n ń kọ fún gbogbo wọn, àtẹni tó wà níwájú àtẹni tó ṣìkẹrìnlélógún. Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá ti wà nínú ọ̀wọ́, ẹ má fi ẹ̀mí wewu tìtorí ipò kẹẹ̀ẹ́dógún. Àlàfo ló yẹ kẹ́ ẹ sá fún. Bí àyè bá ti là sáàárín yín àtẹni iwájú, aago tiyín ti yàtọ̀ nìyẹn. Nínú ọ̀pọ̀ ìdíje, wọ́n tún máa ń yọ ìṣẹ́jú àáyá 10, 6 àti 4 kúrò nínú àkókò àwọn mẹ́ta tó kọ́kọ́ dé. Ẹ má fojú kéré ìṣẹ́jú àáyá o. Nínú Tour de France ọdún 1989, wọ́n sá ju 3,200 kìlómítà lọ, ìṣẹ́jú àáyá 8 péré ni Greg LeMond sì fi ju Laurent Fignon lọ.

Ṣé dandan ni láísẹ́ǹsì?

Bó bá jẹ́ ìdíje tó wà lábẹ́ òfin UCI, àjọ tó ń darí eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé, bẹ́ẹ̀ ni. Àjọ eré kẹ̀kẹ́ ti Nàìjíríà ló ń fúnni. Èyí táwọn ẹgbẹ́ ń ṣe láàárín ara wọn ní ìlànà tirẹ̀. Ẹ ka ìwé òfin rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó.

Mò ń gun 100 kìlómítà láràárọ̀ Sátidé, ara mi sì ń yá. Ṣé ìyẹn ò tó?

Ó tó fún ìdíje ọlọ́jọ́ kan. Ọjọ́ kejì ni iṣẹ́ wà. Ṣúgà tí iṣan tọ́jú pa mọ́ ni ẹsẹ̀ fi ń ṣe iṣẹ́ tó le. Béèyàn bá ti ná an tán lónìí, ó lè gba odindi wákàtí 24 kó tó kún padà, bó tiẹ̀ jẹun dáadáa, ìdíje ò sì ní dúró dè é. Torí náà, ọjọ́ méjì léraléra ni kẹ́ ẹ máa fi ṣe ìdánrawò, kí ara lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ lórí àárẹ̀ àná.

Ọ̀sẹ̀ 12 tó fún ẹni tó ti ń gùn ún déédéé. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́, 80 kìlómítà ní Sátidé, 60 lọ́jọ́ Àìkú, kó jẹ́ ìwọ̀n eré tẹ́ ẹ ṣì lè máa sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ karùn-ún dé ìkẹsàn-án, ẹ gbé Sátidé dé 110, kẹ́ ẹ fi ìṣẹ́jú 15 tó le sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. 80 ní ọjọ́ Àìkú. Kẹ́ ẹ sì wá wákàtí kan láàárọ̀ Ọjọ́rú fún ìṣẹ́jú mẹ́rin-mẹ́rin tó gbóná, lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ kẹrin-kẹrin, ẹ dín gbogbo rẹ̀ kù sí ìdajì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá, ẹ wá ìsinmi ìjọba tó bá bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì tàbí ọjọ́ Ajé, kẹ́ ẹ fi gùn ún fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko: 70, 110, 90. Ọjọ́ mẹ́ta yìí ló máa kọ́ yín lẹ́kọ̀ọ́ jù nínú gbogbo ìmúrasílẹ̀, torí ibẹ̀ lẹ ti máa mọ oúnjẹ tí inú yín ń kọ̀ àti ibi tí síítì ti ń bó yín.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn, ẹ dín gígùn kù, àmọ́ ẹ má ṣe jáwọ́ nínú eré kúkúrú tó gbóná. Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà: ẹ̀rù á bà wọ́n pé wọn ò tíì ṣe tó, wọ́n á wá gun 150 kìlómítà nígbà tó ku ọjọ́ márùn-ún. Ìdánrawò ọjọ́ márùn-ún ò lè sọ ẹnikẹ́ni di alágbára, ó kàn lè tán an lókun ni. Ẹ máa ka iye ìgbà tí ọkàn yín ń lù ní ìṣẹ́jú kan láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Bó bá fi 8 tàbí 10 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fún ọjọ́ méjì, ẹ sinmi.

Èkó ò ní òkè. Kí la máa ṣe bí ìpele kan bá gba Abẹ́òkúta, Ìbàdàn tàbí Èkìtì?

Afárá nìkan la ní. Èyí tó so Lẹ́kí mọ́ Ìkòyí, tí wọ́n ṣí lọ́dún 2013, gùn ju kìlómítà kan lọ díẹ̀, ibi tó ti gòkè nínú rẹ̀ ò sì gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ó dára fún eré gbígbóná kúkúrú. Ṣùgbọ́n òkè Èkìtì lè má tán fún ìṣẹ́jú 15, ìyẹn sì yàtọ̀ sí kéèyàn gun afárá lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ohun tó sún mọ́ ọn jù ní Èkó ni kẹ́ ẹ dojú kọ atẹ́gùn lójú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, kẹ́ ẹ fi gíà tó wúwo wa pẹ́dàlì ní yípo 60 sí 65 ní ìṣẹ́jú kan, fún ìṣẹ́jú 10, láì dìde lórí síítì. Ọkọ̀ àjàgbé tó ń lọ sí èbúté Lẹ́kí àti ilé iṣẹ́ ìfọpo pọ̀ lójú ọ̀nà yẹn, torí náà ẹ tètè jáde, kẹ́ ẹ sì tètè padà. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ wọ ọkọ̀ lọ sí Abẹ́òkúta lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kẹ́ ẹ lọ rí òkè gidi.

Gíà ṣe pàtàkì ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ ìdíje tòkunbọ̀ ló ní eyín 53 àti 39 níwájú, èyí tó tóbi jù lẹ́yìn sì jẹ́ 25. Bẹ́ ẹ bá ń wa pẹ́dàlì ní yípo 70, 39 pẹ̀lú 25 fẹ́ kẹ́ ẹ máa sáré bíi 14 kìlómítà ní wákàtí. Ẹsẹ̀ tí kò bá lè ṣe é lórí òkè á máa tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú agbára káká, orúnkún á sì dá a lẹ́bi lọ́jọ́ kẹta. 34 níwájú àti 32 lẹ́yìn á jẹ́ kẹ́ ẹ lọ ní bíi 9 kìlómítà pẹ̀lú yípo kan náà. Kẹ́ ẹ tó ra eyín 32, ẹ bi mẹkáníìkì bóyá ẹ̀rọ gíà ẹ̀yìn tẹ́ ẹ ní lè gbé e. Àwọn tí apá wọn kúrú ò lè gbà ju 28 lọ, ṣéènì náà sì lè nílò gígùn sí i.

Ẹ̀rù ẹ̀yìn táyà ẹlòmíì máa ń bà mí. Ṣé mi ò lè dá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan?

Ẹ lè dá wà, àmọ́ owó rẹ̀ wọ́n. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, atẹ́gùn ló ń jẹ agbára agunkẹ̀kẹ́ jù. Ẹni tó fara pamọ́ sẹ́yìn ẹlòmíì ń fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin agbára rẹ̀ pa mọ́, nígbà míì ó ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá fi wákàtí mẹ́rin lóòjọ́ ṣe é, kẹ́ ẹ fi ọjọ́ mẹ́rin sọ ọ́ di púpọ̀. Kò sí ìdánrawò tó lè san gbèsè yẹn.

Ẹni méjì ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, lójú ọ̀nà tó parọ́rọ́. Ẹ fi àlàfo tó tó gíga táyà kan, bíi 70 sẹ̀ǹtímítà, sílẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ lè dín in kù sí 40. Ẹ má tẹjú mọ́ táyà iwájú. Ìbàdí ẹni tó wà níwájú ni kẹ́ ẹ máa wò, kẹ́ ẹ sì máa gba èjìká rẹ̀ wo ọ̀nà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí táyà iwájú yín kọjá sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn tiẹ̀ láé: bó bá yà díẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa ṣubú, òun kọ́. Bẹ́ ẹ bá ń sún mọ́ ọn jù, ẹ má fún bíréèkì pa. Ẹ nàró kí atẹ́gùn gbá yín láyà, ìyẹn nìkan á dín eré kù. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ dìde lórí síítì, ẹ kọ́kọ́ tẹ pẹ́dàlì kó le dáadáa, torí kẹ̀kẹ́ ẹni tó bá kàn dìde á fà sẹ́yìn díẹ̀, ẹni ẹ̀yìn á sì kọlù ú.

Bó bá kàn yín láti ṣíwájú, ẹ wo nọ́ńbà eré lórí mítà kẹ̀kẹ́. Bó bá jẹ́ 34 ni wọ́n ń sá, kó wà ní 34. Ẹni tó bá débẹ̀ tó sáré sókè sí 38 kí wọ́n lè mọ̀ pé òun lágbára, ńṣe ló ń ya ọ̀wọ́ sí méjì, tó sì ń pa àwọn ará ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá 30 tó. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ẹ̀yìn, ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọjá, kẹ́ ẹ sì wọ ìdí ọ̀wọ́ padà.

Ohùn tún wà fún un. Ẹni iwájú ló ń rí ọ̀nà, òun ló sì máa pariwo: “Ihò!” “Iyanrìn!” “Ẹ rọra!” Ẹni tó kẹ́yìn á máa ké “Ọkọ̀ lẹ́yìn!” Gbogbo ẹni tó bá gbọ́ á tún un sọ, torí ẹni kẹjọ ò lè gbọ́ ohùn ẹni àkọ́kọ́ nínú atẹ́gùn.

Kí ló dé tí ọ̀wọ́ fi máa ń túká lórí Third Mainland Bridge?

Atẹ́gùn ẹ̀gbẹ́ ni. Afárá náà gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 12, omi ọ̀sà ló sì yí i ká, kò sílé, kò sígi tó lè dá atẹ́gùn dúró. Láwọn oṣù tó pọ̀ jù lọ́dún, ọwọ́ gúúsù àti ìwọ̀ oòrùn ni atẹ́gùn Èkó ti ń fẹ́. Bẹ́ ẹ bá ń bọ̀ láti Oworonṣókí lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó, iwájú lápá ọ̀tún ló ti máa gbá yín. Ẹni tó bá tò sẹ́yìn gan-an ò rí ibi sá sí mọ́, torí ibi tí ààbò wà ti yí sí apá òsì.

Lójú ọ̀nà tí wọ́n ti dí fún ìdíje, ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé ẹni iwájú á lọ sápá ibi tí atẹ́gùn ti ń wá, àwọn yòókù á tò sápá òsì rẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀, bí àtẹ̀gùn ilé. Bí ọ̀nà bá ti kún, ẹni tí kò ráyè nínú ìdagẹ̀rẹ̀ náà á máa jẹ atẹ́gùn tó kù létí ọ̀nà, ibẹ̀ sì ni àlàfo ti ń là. Kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò ráyè tètè pe ara yín jọ, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ ìdagẹ̀rẹ̀ kejì, dípò kẹ́ ẹ máa tiraka mọ́ ti àkọ́kọ́. Nínú ìdánrawò, tí ọkọ̀ bá wà lójú ọ̀nà, ẹ má dán an wò rárá. Ìlà kan ṣoṣo, létí ọ̀nà, kí ọkọ̀ yín kan tan iná tó ń ṣẹ́jú, kó sì tẹ̀ lé yín.

Ẹ tún ṣọ́ àwọn irin ìsopọ̀ orí afárá. Táyà tẹ́ẹ́rẹ́ lè há sínú àlàfo wọn bẹ́ ẹ bá gbà á ní ẹ̀gbẹ́. Ẹ dojú kọ ọ́ gbọnrangandan, ẹ dìde díẹ̀ lórí síítì, ẹ tẹ ìgbọ̀nwọ́ àti orúnkún, kẹ́ ẹ má sì fún bíréèkì lórí irin náà, pàápàá bí òjò bá ti rọ̀ sí i.

Dáńfó ńkọ́?

Ilẹ̀kùn dáńfó wà lápá ọ̀tún, kọ́ńdọ́ sì máa ń bẹ́ sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró. Ẹ má ṣe gba àárín dáńfó àti gọ́tà kọjá láé. Ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ wo ẹ̀yìn dáadáa, kẹ́ ẹ na ọwọ́, kẹ́ ẹ gba òsì. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ láago mẹ́fà àárọ̀ ní Èkó. Iná funfun níwájú àti pupa lẹ́yìn jẹ́ dandan.

Kí ni kí n jẹ, kí ni kí n mu, báwo sì ni kó ṣe pọ̀ tó?

Nínú ìdíje, ara nílò 60 sí 90 gíráàmù oúnjẹ afáralókun ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá tíì dán 90 wò rí kó bẹ̀rẹ̀ láti 60, torí ìfun pẹ̀lú ń gba ìdánrawò. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tó mọ níwọ̀n ní bíi 25 gíráàmù. Dàbínù gbígbẹ kan ní bíi 5. Ẹ yọ kóró rẹ̀ nílé, ẹ dì í ní mẹ́fà-mẹ́fà sínú ọ̀rá.

Kò pọn dandan kẹ́ ẹ ra ohun mímu olówó ńlá. Ẹ mú omi inú ọ̀rá kan, ìyẹn 50 sẹ̀ǹtílítà, ẹ bu ṣíbí ìmutíì méje ààbọ̀ ṣúgà tó tẹ́jú sí i, tí í ṣe bíi 30 gíráàmù, pẹ̀lú ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí iyọ̀, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ sì pò ó títí gbogbo rẹ̀ á fi yòrò. Ìgò kan ní wákàtí kan ló kéré jù; bí oòrùn bá mú, ìgò méjì, kí ọ̀kan jẹ́ omi lásán. Ìgò kan ohun mímu yìí pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì ti fún yín ní 80 gíráàmù. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kéèyàn wọn ṣúgà ní ìlọ́po méjì kó lè yá: inú á wú, omi á dúró sínú ikùn, èébì á tẹ̀ lé e.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun láàárín ìṣẹ́jú 20 àkọ́kọ́, nígbà tí ebi ò tíì pa yín. Ẹ ṣètò aago kó máa dún ní gbogbo ìṣẹ́jú 20. Ẹni tó bá dúró títí ebi fi dé ti pẹ́ jù. Ẹsẹ̀ á kàn ṣófo lójijì, ojú á máa ṣú, kò sì sí ohun tó lè jẹ tó máa gbà á kí bíi ìdajì wákàtí tó kọjá. Lọ́jọ́ kan ó lè fi sùúrù wọlé, àmọ́ àárẹ̀ náà á ṣì wà lára rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Bí wọ́n bá máa gbéra láago méje, láago mẹ́rin ni kẹ́ ẹ ti jẹun àárọ̀: ògì tó nípọn pẹ̀lú ṣúgà àti búrẹ́dì, tàbí ìrẹsì pẹ̀lú ẹyin méjì. Ẹ̀wà, àkàrà olóróró, gúgúrú àti ẹ̀fọ́ púpọ̀, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ di ọjọ́ tí ìdíje bá parí. Ohun tẹ́ ẹ ò tíì jẹ lórí kẹ̀kẹ́ rí, ẹ má ṣe jẹ ẹ́ lọ́jọ́ ìdíje, bó ti wù kí ẹni tó fún yín yìn ín tó.

Láti mọ bí omi tẹ́ ẹ mu ṣe tó, ẹ wọn ara yín kẹ́ ẹ tó jáde àti nígbà tẹ́ ẹ bá dé. Kìlógíráàmù kan tó dín kù jẹ́ bíi lítà òógùn kan. Ẹ mu lítà kan ààbọ̀ dípò rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú oúnjẹ oníyọ̀. Bẹ́ ẹ bá wá wúwo ju bẹ́ ẹ ṣe jáde lọ, omi lásán ti pọ̀ jù, ìyẹn náà léwu.

Kí ni kí n ṣe sí kẹ̀kẹ́ nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì?

Afẹ́fẹ́ òkun níyọ̀, iyanrìn Lẹ́kí sì rí wẹ́wẹ́. Àwọn méjèèjì ni ọ̀tá ṣéènì. Ẹ gbé rúlà lé ṣéènì, kẹ́ ẹ fi òǹkà 0 sí àárín píìnì kan. Píìnì kẹrìnlélógún sí i yẹ kó bọ́ sórí íńṣì 12 gẹ́lẹ́. Bó bá ti fi bíi mìlímítà kan ààbọ̀ kọjá, ẹ pààrọ̀ ṣéènì náà, torí bẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀, yóò jẹ eyín ẹ̀yìn, ẹ máa wá ra méjèèjì. Ṣéènì tuntun lórí eyín tó ti jẹ máa ń fò nígbà téèyàn bá tẹ̀ ẹ́ le. Torí náà, ẹ ṣe é ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kì í ṣe alẹ́ ọjọ́ ìdíje.

Lálẹ́ ìpele kọ̀ọ̀kan, ẹ fi àkísà nu ṣéènì títí tí àkísà ò fi dúdú mọ́, ẹ kán ọ́ìlì ṣéènì sórí ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ yí pẹ́dàlì sẹ́yìn fún ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ tún wá nu ara rẹ̀ gbẹ. Inú ló nílò ọ́ìlì. Èyí tó bá wà lára ìta ń pe iyanrìn ni. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì nípọn jù, ẹ má lò ó.

Táyà: fífẹ̀ mìlímítà 28 la máa yàn fún ọ̀nà wa, bí fọ́ọ̀kì àti bíréèkì bá gbà á. Ẹni tó wọn 70 kìlógíráàmù lè fa 75 psi (ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí mítà páǹpù ń fi hàn) síwájú, 80 sẹ́yìn. Lórí 25, kó fi bíi 10 lé e. Kẹ̀kẹ́ ò yára sí i bẹ́ ẹ bá fa 120 sí i, ńṣe lá máa fò lórí títì, á sì máa yọ̀ nínú òjò.

Bó bá jẹ́ kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ oní-carbon, ẹ fi kọ́ìnì gbá ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibi tí ohùn bá ti yí padà láti gbígbẹ sí èyí tó kú, ó ṣeé ṣe kó ti sán nínú. Ẹ wo ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀kì àti àyíká pẹ́dàlì dáadáa.

Táyà mi bẹ́ láàárín ìdíje. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ na ọwọ́ sókè, ẹ sún sápá ọ̀tún, ẹ má dúró lójijì. Bó bá jẹ́ táyà ẹ̀yìn, ẹ gbé ṣéènì lọ sórí eyín tó kéré jù kẹ́ ẹ tó dúró, kí táyà lè yọ wéré. Bí ọkọ̀ ẹgbẹ́ bá jìn, kí ará ẹgbẹ́ tó kéré ní ipò fún ẹni tó ń ṣíwájú yín ní táyà tiẹ̀ pẹ̀lú ríìmù rẹ̀. Ìyẹn lẹ fi gbọ́dọ̀ mọ̀ ṣáájú bóyá táyà gbogbo yín bára mu: iye eyín ẹ̀yìn, irú bíréèkì, irú ọ̀pá àárín. Lẹ́yìn náà, ẹ má sáré bí ẹni ejò ń lé. Ẹ fi kìlómítà márùn-ún tàbí mẹ́wàá bá wọn, pẹ̀lú ẹnì kan tàbí méjì tó dúró dè yín. Ẹ má sá pamọ́ sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n ń jẹni níyà fún un.

Bẹ́ ẹ bá máa tún un ṣe fúnra yín, bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é nìyí: ẹ yọ ẹ̀gbẹ́ kan táyà, ẹ fa túùbù jáde, ẹ wá ihò rẹ̀, kẹ́ ẹ fi túùbù wé táyà kẹ́ ẹ lè mọ ibi tí ohun tó gún un wà. Ẹ fi àtàǹpàkò yí inú táyà ká, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ohun tẹ́ ẹ máa bá níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà ni okùn irin tín-ín-rín, bí irun, tó já láti inú táyà ọkọ̀ àjàgbé tó bẹ́. Kì í yọrí síta, inú nìkan lèèyàn ti ń mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tó bá fi túùbù tuntun sí i láì yọ irin yẹn, kò ní rìn jìnnà tó fi máa tún dúró. Bí táyà fúnra rẹ̀ bá ya, ẹ ká owó ₦20 tó jẹ́ ti rọ́bà sí méjì, kẹ́ ẹ fi tẹ́ inú ibi tó ya. Kì í gbó nínú omi, á sì gbé yín délé. Ẹ fẹ́ túùbù díẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi sí i kó má bàa lọ́, kẹ́ ẹ sì fi ọwọ́ nìkan ti táyà padà.

Bí mo bá ṣubú nígbà tó kù díẹ̀ ká wọlé ńkọ́?

Ní ìpele tó tẹ́jú, ẹni tó bá ṣubú tàbí tí táyà rẹ̀ bẹ́ láàárín kìlómítà mẹ́ta tó kẹ́yìn á gba àkókò ọ̀wọ́ tó wà nínú rẹ̀. Òfin yìí ò sí fún ìpele tó parí sórí òkè tàbí èyí tẹ́nì kọ̀ọ̀kan ń dá sá pẹ̀lú aago. Àwọn ìdíje kan ti fẹ̀ ẹ́ sí kìlómítà márùn-ún, torí náà ẹ wo ìwé òfin.

Ẹni mẹ́fà ni wá. Ṣé olúkúlùkù ò lè máa ṣe tiẹ̀?

Á já sí pé kí ẹni mẹ́fà máa jẹ atẹ́gùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ yan aṣáájú kan, ẹni tó lè gun òkè tó sì lè fara da ọjọ́ mẹ́rin, kì í ṣe ẹni tó lówó kẹ̀kẹ́ jù. Ẹni mẹ́ta á máa dí atẹ́gùn fún un, ẹnì kan á máa padà lọ gba omi lọ́kọ̀, ẹnì kan á máa wọnú ọ̀wọ́ tó bá sá lọ. Ẹ sọ bẹ́ ẹ ṣe máa pín ẹ̀bùn kẹ́ ẹ tó kúrò ní Èkó, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó gbé omi fún yín lọ́jọ́ mẹ́rin ti ṣiṣẹ́ owó náà.

Ṣé obìnrin ẹgbẹ́ wa lè kópa?

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ kàn béèrè bóyá wọ́n ń ka àkókò obìnrin lọ́tọ̀. Ese Ukpeseraye gun kẹ̀kẹ́ fún Nàìjíríà ní Òlíńpíìkì Paris 2024, lójú títì àti nínú pápá, kẹ̀kẹ́ tó fi sá ti inú pápá sì jẹ́ èyí tó yá lọ́wọ́ àwọn ará Jámánì. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá ní kẹ̀kẹ́ tó dáa kan tó ṣẹ́ kù, kó wá obìnrin tó máa bá mu.

Ìdí mi ti bó lọ́jọ́ kejì. Kí ni kí n ṣe?

Èyí lé ọ̀pọ̀ èèyàn kúrò nínú ìdíje ju ẹsẹ̀ tó rẹ̀ lọ. Òógùn, ooru àti fífara gbo nǹkan ló ń fà á. Ẹ ní ṣòkòtò agunkẹ̀kẹ́ onítìmùtìmù kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ má wọ páńtí sábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi òrí gidi pa ibi tó ń fara gbo síítì kẹ́ ẹ tó jáde. Bẹ́ ẹ bá ti wọlé, ẹ bọ́ ṣòkòtò láàárín ìṣẹ́jú 15, ẹ fi ọṣẹ tí kò ta wẹ̀, ẹ nu ara gbẹ dáadáa, kẹ́ ẹ wọ nǹkan tó fẹ̀. Bó bá ti so bí eéwo, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Bó bá ń gbóná tí ibà sì dé, dókítà ló kàn. Síítì tó rọ̀ bí tìmùtìmù kì í ṣe ìwòsàn. Fífẹ̀ rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ bá egungun ìjókòó yín mu.

Báwo ni kí n ṣe lo ìrọ̀lẹ́ láàárín ìpele méjì?

Láàárín ìdajì wákàtí: omi, iyọ̀, àti oúnjẹ afáralókun bíi gíráàmù kan fún kìlógíráàmù ara yín. Ìrẹsì pẹ̀lú ẹja rọrùn fún inú. Lẹ́yìn náà, ẹ wẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè sára ògiri, ẹ má rìn kiri ìlú. Ẹ jẹun alẹ́ ní kùtùkùtù, kẹ́ ẹ sùn fún wákàtí mẹ́jọ. Ẹ béèrè yàrá tó jìnnà sí jẹnẹrétọ̀, ẹ gbé nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tiyín lọ, kẹ́ ẹ sì gbé ohun tẹ́ ẹ máa fi dí etí dání. Bí ara bá gbóná, ẹ ṣàyẹ̀wò ibà kẹ́ ẹ tó gun kẹ̀kẹ́. Ẹ má sọ pé àárẹ̀ ni.

Àwọn kan ní kí n lo tramadol, oògùn apàrora, kí n má bàa mọ ìrora lára.

Rárá. UCI ti fòfin dè é nínú ìdíje láti ọdún 2019, WADA, àjọ àgbáyé tó ń gbógun ti lílo oògùn nínú eré ìdárayá, náà sì fòfin dè é lọ́jọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2024. Ó ń fa òòyì àti oorun, nínú ọ̀wọ́ tó ń sá 40 kìlómítà ní wákàtí. Ibuprofen lórí ara tí omi ti gbẹ nínú rẹ̀ ń ni kíndìnrín lára. Oògùn ikọ́ kan ní ephedrine, èyí tí òfin tún fi ìwọ̀n sí. Ní ti àgbo inú ike, kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún yín, àlàyé yẹn ò sì lè gbà yín lọ́wọ́ adájọ́.

Ìgbà wo ni kí n sọ̀ kalẹ̀?

Bí òtútù bá ń mú yín nínú oòrùn, bí òógùn bá dá, tàbí tẹ́ ẹ ò rántí orúkọ ìlú tẹ́ ẹ ti gbéra, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ wọ ibòji, kí wọ́n da omi tútù sí yín lára láti orí dé ẹsẹ̀. Bí orí bá gbá ilẹ̀, ìdíje ti parí fún yín lọ́jọ́ yẹn, kódà bẹ́ ẹ bá rò pé kò sóhun tó ṣe yín. Kí ẹnì kan máa ṣọ́ yín lóru náà: bí èébì, orí fífọ́ tó ń pọ̀ sí i tàbí oorun tí kò ṣeé jí bá dé, ilé ìwòsàn ni. Akoto tó bá ti gbá ilẹ̀ náà ò ṣeé lò mọ́, bí ìlà kankan ò tiẹ̀ hàn lára rẹ̀, torí fóòmù inú rẹ̀ ti fún pọ̀, kò sì lè gbà yín lẹ́ẹ̀kejì. Kí akoto méjì tó ṣẹ́ kù wà nínú ọkọ̀ ẹgbẹ́, ọ̀kan ńlá, ọ̀kan kékeré.